Ohùn Tí Kò Sín Jẹ

Àbúrò mi lẹ ń wò yẹn, ẹ̀yin ará ilé sinimá,
ẹni tí ẹ rí tí ẹ ti bú sẹ́rìn-ín kó tó lanu.
Pavithran lẹ mọ̀ ọ́n sí. Kuttu ni tiwa nílé.
Èmi ni mo pọ̀n ọ́n kiri etí odò Nila
nígbà tí ìyá wa ń lu èèpo àgbọn fún àwọn oníṣòwò okùn.

Kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ pè, ó ti mọ igbe kannakánná.
Ó sín ìyàwó olùkọ́ jẹ, ó jẹgba mẹ́fà;
ó sín olùkọ́ jẹ lórí ẹgba náà,
pàṣán bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ó di ikùn mú.
Ṣùgbọ́n rélùwéè gan-an niṣẹ́ rẹ̀:
á gbé e bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, láti Tirur,
á máa fun un nímú, á máa tẹ̀ ẹ́ léyín,
títí ajá á fi dìde kúrò lójú ọ̀nà.

Bàbá wa ló ń tu ọkọ̀ odò.
Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á fọwọ́ bo ẹnu, á ké:
"Ta ló kù o? Ta ló kù?"
Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú òjò oṣù Júùnù
ohùn àlejò kan dáhùn láti ìhà kejì.
Ó padà lọ gbé e.
Ọkọ̀ nìkan ló gúnlẹ̀, ní dídojúdé.
A bi gbogbo ìhà kejì, kò sálejò kankan.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Kuttu lọ́dún náà.
Ó lo oṣù mẹ́ta láìsọ̀rọ̀.
N kò bi í rí. N kò ní í bi í.

Owó àkọ́kọ́ rẹ̀: rúpì méje, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin,
lálẹ́ ọdún tẹ́ńpìlì, nígbà táwọn erin ti lọ sùn.
Ó fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu mi loko mi."

Sinimá kọ́kọ́ rà á fún ìṣẹ́jú kan péré:
ọkùnrin tó já sí kànga.
Lẹ́yìn náà, ọdún mẹ́rìnlá ìgbátí.
Ọlọ́pàá gbá a, ìyá ìyàwó gbá a,
adìyẹ pàápàá ṣá a nímú, ẹ pàtẹ́wọ́ fádìyẹ.
Ìgbátí ló kọ́ ilé alájà méjì wa.
Ìgbátí ló san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi.

Reethamma wá dé, obìnrin kúńtá tó so awò ojú mọ́ okùn.
Ó ní òun ò fẹ́ àwàdà.
Ó ní ọkọ̀ odò lòun fẹ́ kó tù.
Lóru ọjọ́ náà Kuttu jókòó sí àtẹ̀gùn mi,
kò jẹun, ó ń fi àtàǹpàkò ha iyanrìn.
"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ?"
Mo ní ìrẹsì ń tutù.

Ẹ rántí: ojú rẹ̀ yọ lára ògiri, ẹ rẹ́rìn-ín.
Ẹnìkan súfèé lókè.
Ó tukọ̀, ẹ rẹ́rìn-ín. Ó nu òógùn, ẹ rẹ́rìn-ín.
Ó wá dìde níwájú ọkọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu:
"Ta ló kù o? Ta ló kù?"

Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Òun ni.
Bàbá tí omi gbé lọ́gbọ̀n ọdún ó lé,
ohùn kan ṣoṣo tí Kuttu kò sín jẹ rí láyé.
Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi fi ẹ̀pà sẹ́nu, kò jẹ ẹ́ mọ́.
Èmi, mo dáhùn lábẹ́ èémí: "Èmi ni mo kù."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.
Ó rín in títí, ẹ bá a rín in,
ẹ ò mọ̀ pé òkú lẹ wá bá a sin.

Níta, ọmọ kékeré kan fa ìró funfun rẹ̀:
"Ṣe rélùwéè fún mi!"
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣe é.
Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ń gbé e lọ ni,
ó kọjá afárá, ó kọjá Tirur,
ó kéré, ó kéré sí i, ó ku kannakánná.
Ọmọ náà dúró, ó ń retí.
"Ṣé kò tíì dé ni?"
Kuttu ní, "Ó ti kọjá."