Owó Ilé Ọdún Kan

Ọyẹ́ ti dé sí Àbújá. Ètè gbogbo ará Wúsè ti là.
Mo jókòó níwájú Dókítà Nanrét,
ọmọ Jọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀;
mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run nìkan ló ṣe é
tàbí ó ràn Án lọ́wọ́.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò ju bíńtín lọ.
Ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà, ọmọkùnrin kan wo àwòrán,
ó wò mí, ó tún wo àwòrán.
"Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin nìyí?"
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló tú àṣírí:
ó kọ ilà sí mi lẹ́bàá ẹnu,
ilà tí olóólà kankan ò gbowó ẹ̀.

Dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà.
Abẹ́rẹ́: omi kan tó ki bí ògì,
wọn á fi dí ibi tó ti jìn.
"Ẹ ò ní sùn síbí. Lálẹ́ ẹ ti ń dáná nílé yín.
Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́wàá, méjìlá, á ti yọ́ lọ."
Ọ̀bẹ: wọn á là á lẹ́yìn etí, wọn á fa awọ sókè
bí ẹni ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
"Ọdún mẹ́wàá, bí ara yín bá gbà á.
Ṣùgbọ́n ó ṣì yá jù fún yín, mi ò ní purọ́."

Mo ṣírò ó bí ará Lúgbè ṣe ń ṣírò:
ti abẹ́rẹ́, ilé àyágbé ni,
lọ́dọọdún ni lanlọ́ọ̀dù á máa kan ilẹ̀kùn.
Ti ọ̀bẹ, ilẹ̀ tí a rà ni, tòun ti ìwé.
Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti rí katakátá
tó wó ilé onílé, tí ìwé wà lọ́wọ́ onílé,
mi ò mọ ohun tí ìwé ń jẹ́ mọ́.
Ojú àpá ò sì lè jọ ojú ara,
bí wọ́n tilẹ̀ fi àpá ọ̀hún pamọ́ sẹ́yìn etí.

Ó mú bírò pupa.
Ó fa ìlà síhìn-ín, ó fa ìlà sọ́hùn-ún,
bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì Ìyá Ládì lọ́jọ́sí.
Ó ku kó kọ déètì sí i.

Lẹ́yìn náà ó gbé díńgí lé mi lọ́wọ́,
ó fi ìka méjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sókè díẹ̀
kí n lè rí bí yóò ṣe rí.

Mọradéké ni mo rí.

Ẹ̀gbọ́n mi. Ó kú ní Kàdúná, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì,
ó ṣì jẹ mí lówó bàtà kan.
Mo ti wá dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ,
ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kì í sọ láwùjọ.
Òun nìyí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ gíga yẹn,
ojú tó máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ purọ́.
"Ẹ má tíì jù ú sílẹ̀," ni mo wí.
Dókítà rò pé ẹwà ni mo ń wò.
Ó dúró. Ìka rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn.
Nígbà tó jù ú sílẹ̀, awọ mi padà sílé,
Mọradéké sì lọ, kò ní ó dìgbà.

Ọ̀bẹ kọ́. Mi ò lè bá òkú pín ojú fún ọdún mẹ́wàá,
kó máa bá mi jí, kó máa fi ẹnu mi jẹun.
Abẹ́rẹ́ ni. Kó wá bí àlejò, kó lo ọdún kan,
kó sì máa lọ díẹ̀díẹ̀.
Lọ́jọ́sí, fóònù ni wọ́n fi sọ fún mi.
Lọ́tẹ̀ yìí, kí n rí i bó ṣe ń lọ.

Mo san ìdajì owó. Wọ́n kọ ọjọ́ fún mi.
Nínú takisí, a ò tíì dé Bẹ́ẹ̀gà,
awakọ̀ ń wò mí nínú díńgí rẹ̀.
"Hajíyà, ta ló kọ nǹkan sí yín lójú?"
Mo fọwọ́ nù ún. Ó tàn kálẹ̀, kò lọ.
Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi ni.