Ìsinmi Ọjọ́ Mẹ́fà

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ọ̀gá mi fún mi.
Owó wà nínú ìgò tí a ti jẹ ólífì inú rẹ̀ tán,
òórùn iyọ̀ ṣì wà lára rẹ̀ bí a ti ń kà á.
Khenifra gbóná lóṣù kẹjọ, ewúrẹ́ pàápàá kò fẹ́ dìde.
"Òkun," ni Itto wí.
Ó pé ọdún mẹ́rìnlélógójì,
kò tíì rí òkun rí àfi lára kàlẹ́ńdà báńkì.

Mo ní Agadir ni.
Mo mọ Agadir. Ọdún méjì ni mo fi orúnkún rìn níbẹ̀,
tí mò ń to táìlì sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì alájà méje,
aláwọ̀ aró, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, bí ẹni ń rán aṣọ.
Ọjọ́ tí wọ́n máa tú omi sí i, wọ́n ti sanwó wa,
wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tì wá jáde.
N kò mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ mi ti rí lábẹ́ omi.

Tuda ọmọ wa gbé fóònù sí wa lójú:
Imsouane. Abúlé apẹja lẹ́sẹ̀ àpáta.
Ó ní ìgbì ibẹ̀ gùn, àwọn ọmọ sì ń gùn ún
lórí pátákó, títí dé etí iyanrìn, kí tíì ẹni tó tutù.
"Ta ni yóò gùn ún? Èmi tí orúnkún mi ń ké bí ìlẹ̀kùn?"
Ó ní yàrá ibẹ̀ kò tó ìdajì owó Agadir.
Mo ní ní Agadir, wọ́n máa ń ká aṣọ ìnura
bí pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n á gbé e sórí ibùsùn.
Ó ní, "Ta ni ń jẹ aṣọ ìnura?"

Itto ń já ewé míńtì kúrò lára igi rẹ̀.
Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá:
"Nínú méjèèjì, níbo ni mo ti lè wọ omi
tòun taṣọ lọ́rùn mi, kí ẹnikẹ́ni má wò mí?"

A kò rí èsì fún un. A wọ bọ́ọ̀sì òru.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Agadir. Mo ní kí wọ́n dúró ti ẹrù,
mo rìn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì mi.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pè é: tèmi.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀, aṣọ ẹ̀ṣọ́ tóbi jù ú lọ.
Mo ní èmi ni mo to táìlì ibí yìí.
Ó ní, "Baba, nọ́ńbà yàrá yín ńkọ́?"
Mo tún un sọ. Ó wo bàtà mi, ó bojú wẹ̀yìn,
ó wá yẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n kí ojú kan kọjá.

Omi náà dúró jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀.
Táìlì mẹ́ta ti là ní igun apá òsì.
Kì í ṣe igun tèmi. Igun Hommad ni,
a máa ń pariwo mọ́ ọn pé símẹ́ńtì rẹ̀ kò ki.
Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí.

Ọkọ̀ Imsouane ku èèyàn mẹ́ta kó kún.

N kò ní purọ́: òórùn ẹja sadíìnì kún yàrá wa,
omi ẹ̀rọ ń dá lágogo mẹ́jọ,
ológbò kan bímọ sórí ibùsùn Tuda.
Mo ń ráhùn. Mo ráhùn dọ̀sán ọjọ́ kejì,
nígbà tí Itto bọ́ bàtà, ó kó o lé mi lọ́wọ́,
ó rìn wọ òkun, jẹ̀lábà rẹ̀ wú bí àgọ́.
Àwọn ọmọ apẹja ń kọjá lórí pátákó wọn,
Tuda ń ṣubú láàárín wọn, ó ń dìde, ó ń ṣubú.
Mo gbìyànjú láti ka ìgbì bí mo ti ń ka táìlì,
n kò kà ju mẹ́rin lọ tí wọ́n fi dàrú mọ́ mi lójú.
Itto fọwọ́ kan ètè, ó yíjú sí mi, ó pariwo:
"Iyọ̀ ni!"
bí ẹni pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa
ni mo ti ń fi í pamọ́ fún un.