Òpó Iná Mẹ́tàdínlógójì

Bọ́ọ̀sì iléèwé ni mo kọ́kọ́ sáré lé.
Tájù gbàgbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì,
mo gbé e, mo so ìró mọ́dìí, ó di eré.
Òpó iná kìn-ín-ní, mo ń pariwo, "Dírẹ́bà, dúró!"
Òpó kejì, ohùn tán.
Òpó kẹta, mo dì mọ́ ọn bí ẹni tó rí ìbátan tó ti sọnù.
Bọ́ọ̀sì ti ṣẹ́ kọ́nà sí Gáréèjì Ọ̀fà.
Èmi ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà
tí mo jẹ ìrẹsì ọmọ.

Ogún ọdún ni mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ
nínú ìsọ̀ mi ní Gáà-Akánbí.
Bí a bá so gbogbo ìtẹ̀ yẹn pọ̀,
ǹ bá ti dé Mẹ́kà, ǹ bá sì ti padà.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò kúrò lójú kan,
èmi náà ò kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbá,
mo wọ bàtà eré ìdárayá Mọdínátù.
Ó há mi ní ọmọ ìka, mo fara dà á.
Òpó kan, eré. Òpó kan, ìrìn.
Mo ní téèpù tó ti wọn ìbàdí gbogbo àdúgbò,
kò gùn tó láti wọn ọ̀nà,
òpó ni mo bá ń kà.

Bàbá Gàníyù, ọdẹ ilé epo, tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú:
"Ẹnìkan kì í déédéé sáré wọ inú ẹ̀gún.
Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.
Èwo ni tìrẹ, Ìyá Mọdínátù?"
N kò ní èémí tí mo lè fi fèsì.

Ọ̀sẹ̀ kejì, òpó méje.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà mú Bàṣírù. Òpó kankan kò sí,
àfi bí a bá ka láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí kòtò omi
lẹ́ẹ̀mejìlá lóru.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyá ọkọ mi dé láti Afọ́n
pẹ̀lú àpò èlùbọ́ àti ìbéèrè:
"Ìyàwó, ibo lo lọ ní kùtùkùtù tó o ń làágùn bọ̀?"
Mo ní eré ni. Ó wo ọkọ mi.
Ọkọ mi wo àjà.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá fúnra rẹ̀
fi róòbù pa orúnkún mi, kò sọ nǹkan kan.

Ó di mẹ́tàlá. Ó di mọ́kàndínlógún.
Aṣọ ọdún Iléyá wá ya dé,
odindi oṣù kan, sòkòtò ẹlòmíràn ni mo ń gán.
Nígbà tí mo padà sójú títì,
mo lè búra pé àwọn òpó ti jìnnà síra wọn.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti méje.

Lónìí, Sátidé, ọkọ mi ní,
"Máa lọ. Èmi ni n ó po kókó."
Mo kọjá ilé epo,
mo kọjá àwọn tó ń to búrẹ́dì sórí páálí,
mo kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni ti mọ orúkọ mi.
Mẹ́tàdínlógójì: afárá Ásà.
Omi ń lọ nísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bíi tíì tó gba mílíìkì,
kò sáré, kò dúró.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo yí padà.
Ìgbà yẹn ni mo tó rántí
pé mẹ́tàdínlógójì mìíràn ń dúró dè mí.

Ẹsẹ̀ ni mo ń wọ́ nígbà tí mo dé ilé epo.
Bàbá Gàníyù sún àga kan sí mi.
Mo ní, "Bàbá, mo ti mọ̀ ọ́n.
Bọ́ọ̀sì ni. Mo ṣì ń lé e."

Nílé, kókó ti ṣù, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Bàṣírù bi mí: "Mélòó lónìí?"
"Mẹ́rìnléláàádọ́rin."
Kò tíì lè ka iye yẹn.
Ó na ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá,
ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀,
ó wá wo tèmi.