Bírò Pupa

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, aago méje kò tíì lù,
mo ti wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin,
ìwé gbọọrọ lábẹ́ apá, bírò méjì lápò:
dúdú fún oògùn tí a fún wọn,
pupa fún ìdí tí a fi fún wọn.
Pupa kì í tètè tán.

Bẹ́ẹ̀dì kìíní: abẹ́rẹ́, ọjọ́ kẹsàn-án. Ìdí: kò sí.
Bẹ́ẹ̀dì kejì: abẹ́rẹ́ kan náà. Ìdí: “ibà”.
Bẹ́ẹ̀dì kẹrin ti lọ sílé lánàá,
omi oògùn rẹ̀ ṣì so rọ̀
bí aṣọ tí olówó rẹ̀ gbàgbé sórí okùn.

Nọ́ọ̀sì Sẹ̀míátù ń wò mí bí ẹni ń wo agbowó-orí.
Dókítà Oyèkànmí ní, “Ẹ tún ti dé?
Ṣé kí n wo aláìsàn ni, àbí kí n máa kọ̀wé?”
N kò bá a jà. Kò fojú kan oorun lóru àná.

Mo kàn mú un lọ sí yàrá àyẹ̀wò,
níbi tí Gbọ́lágadé ti ń sin kòkòrò bí ẹni ń sin adìẹ.
Ó ṣí àwo pẹlẹbẹ kan.
Bébà róbótó mẹ́fà, oògùn mẹ́fà.
Níbi tí oògùn bá ti múná, kòkòrò á sá,
ilẹ̀ á mọ́ yí bébà ká
bí àgbàlá tí ìyàwó tuntun gbá.

Mo wá àgbàlá, n kò rí.
Igbó ti wọ ojúde ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

“Ta ló ni ín?”
“Ọmọ Wákíìlù, ará Ìdó-Ọ̀ṣun. Ọmọ ọdún mẹ́rin.”

Ta ló kọ́ kòkòrò yìí ní èdè wa?
Bẹ́ẹ̀dì kìíní mọ̀.
Kẹ́míìsì Ìgbọ̀nà tó ń ta kápúsù ní méjì méjì mọ̀.
Èmi tí mo lo mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ́dún tó kọjá,
tí mo tọ́jú ìyókù sínú agolo mílíìkì,
mo mọ̀.
Àdá tí a fi ń ṣán koríko àti òkúta,
ọjọ́ tí ejò bá wọlé là ń rí i pé ó ti kújú.

Alékúwodò ni mo ń gbé.
Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ rò pé
bí a bá ti lé ikú wọ odò, ó parí.
Wọn kò sọ fún wa pé ikú mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ọmọ náà ṣì ń mí.
A ń retí oògùn kan láti Ìbàdàn.
Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n,
Dókítà dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kejì, ó nawọ́ sí mi
láìsọ̀rọ̀.
Mo rò pé ìwé ló ń béèrè.
Bírò pupa ni.