Eyín Ọmọ Ìyá Méjì

Ọdún tí ààlà di ojú ọ̀nà lásán,
Otakar, àbúrò bàbá mi, dé láti Cleveland
pẹ̀lú àpótí kan, fìlà kan, àti ẹ̀rín tí wúrà ń tàn láàárín rẹ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógójì ni kò fi tẹ ilẹ̀ Ostrava.
Zdeněk, bàbá mi, kò kí i káàbọ̀.
Ó ní, "La ẹnu kí n wò ó."

Báyìí ni àgbà méjì ṣe jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná wa,
tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tí wọ́n ń yẹ ẹnu ara wọn wò
bí ẹni ń ra ẹṣin.

Wúrà yẹn, ti ọdún tí ṣọ́ọ̀bù bàtà rẹ̀ di mẹ́ta ni,
tí òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ń pè é ní ọ̀gá.
Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni
kí ó tó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúrà, àlàfo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo, àlàfo mìíràn.
Ìyẹn ni ọdún tí àìsàn dá Verna, ìyàwó rẹ̀, dùbúlẹ̀,
tí ọsibítù fi ìwé owó ránṣẹ́
kí òdòdó orí sàréè tó rọ.
Ṣọ́ọ̀bù kìíní lọ. Ìkejì tẹ̀ lé e.
"Ẹ̀mú ni mo fi yọ eléyìí fúnra mi," ni Otakar wí,
"nínú gáréèjì, pẹ̀lú ọtí díẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan bàbá mi.
Ẹnu rẹ̀ kún, kò sí àlàfo kan.
Irin ni, irin aláwọ̀ eérú,
irin kan náà tí gbogbo òpópónà wa fi ń jẹun:
awakùsà, olùkọ́, obìnrin tó ń gbá iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́.
Kọ́bọ̀ kan kò kúrò lápò rẹ̀.
Nígbà tí eruku èédú ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́,
ìjọba gbé e lọ sórí òkè
kí ó lọ mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
"Ẹ̀yin ará ibí," ni Otakar wí, "ẹ mà jayé o."
Bàbá mi pa tọ́ọ̀ṣì.

Nítorí èmi náà wà níbẹ̀, mo ń bó ànàmọ́.
Èmi tí mo fẹ́ di dókítà,
tí mo ṣe ipò kejì nínú ìdánwò,
àmọ́ tí bàbá mi ti ṣẹ̀fẹ̀ kan nílé ọtí,
gbólóhùn kan péré, nípa akọ̀wé ẹgbẹ́.
Ilẹ̀kùn yunifásítì kò gba owó lọ́wọ́ wa.
Ẹnu ló gbà.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń to ìgò oògùn sórí pẹpẹ,
tí mo ń ka orúkọ wọn
bí ẹni ń ka lẹ́tà olólùfẹ́ tó ti fẹ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ Otakar ńkọ́?
Yunifásítì tiwọn gbà á, wọ́n tilẹ̀ kí i kú oríire.
Ó wo iye tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà,
ó ká a sápò, ó lọ ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì.
Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ṣí gbayawu, lókè pátápátá.
Àkàbà ni kò sí.

Wọ́n jà. N kò ní purọ́, wọ́n jà wọ òru.
"Ẹ ti wọ́n mọ́lé, ẹ wá ń fún wọn lóúnjẹ!"
"Ẹ̀yin ṣílẹ̀kùn fún wọn, ẹ ní kí ebi máa lé wọn!"
Ahọ́n òun eyín ni wọ́n; ta ni yóò kó jáde fún ta ni?
Mo gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, àti búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta.
Otakar gbìyànjú, kò lè gé e jẹ.
Bàbá mi kò sọ̀rọ̀. Ó bù ú, ó rì í sínú ọbẹ̀,
ó ti àwo náà sí i.

Àwọn méjèèjì ti sùn báyìí.
Lánàá, eyín ro mí, mo lọ sílé oníṣègùn tuntun
tí wọ́n kọ́ síbi tí ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ wa wà tẹ́lẹ̀.
Àga funfun bíi wàrà. Iye owó lára ògiri.
Ọmọdébìnrin kan rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi:
"Màmá, èwo lẹ fẹ́?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnìkan kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Mo ka owó ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.
Ó pẹ́ kí n tó lè la ẹnu.