Gbogbo

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ ọ̀dà mi ju orúkọ olówó lọ:
gbogbo.
Lẹ́tà mẹ́fà, ikùn mẹ́fà, kò sí èyí tí ò fẹ́ yó.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ pátákó n'Ílọrin,
láti Ìpàtà dé Gàá-Àkànbí,
n ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kí ó kéré.

Alájì Yánúsà, oníyàrá ẹja dídì,
ló kọ́kọ́ pè mí lẹ́yìn ìbò.
Ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn irin:
ÀWÌN WÀ FÚN ARÁ MỌ́ṢÁLÁṢÍ WA
ÀTI ỌMỌ ẸGBẸ́ WA.
GBOGBO ÀWỌN TÓ KÙ, OWÓ LỌ́WỌ́.
Mo bi í pé, "Pupa ni àbí dúdú?"
Ìbéèrè mi ò ju ìyẹn lọ.

Adéọtí ọmọ Ẹ̀sìẹ́ dúró lẹ́yìn mi,
ike òfìfo lórí rẹ̀.
Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ra àwìn níbẹ̀,
kò jẹ́ kí gbèsè rẹ̀ bá Alájì dé Jímọ̀ rí.
Àbúrò rẹ̀ ló dé fìlà ẹgbẹ́ kejì níjọ́ ìpolongo.
Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, Alájì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́;
Kérésìmesì tó kọjá, ó jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀.
Ó ń ka ilẹ̀kùn náà, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọmọ iléèwé.
Nígbà tó dé "gbogbo," ó dákẹ́.
Kò wo Alájì.
Èmi ló wò.

Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò ọ̀hún tẹ̀ mí láago,
Bámitálẹ̀, onílé-búrẹ́dì l'Ómù-Àrán.
Kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ti Alájì;
ọwọ́ mi ló rí lára ṣọ́ọ̀bù kan l'Ájàṣẹ́.
"Ọ̀gá, kọ ọ́ kí ó hàn dé títì:
A Ò GBA ARÁ ÌLỌRIN SÍṢẸ́.
Ẹnu wọn dùn ju iyọ̀, àmọ́
gbogbo wọn, gbogbo wọn pátá, ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ẹnu dùn ju iyọ̀. Oríkì wa nìyẹn.
Ìyá bàbá mi fi ń kì mí títí mo fi bẹ̀rẹ̀ ilé kéú.
Iyọ̀ ọ̀hún náà rèé, ojú egbò ni wọ́n fi ń ra.

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ ibo?"
Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì dání, ọ̀dà ń kán sí bàtà mi.
Bàbá mi sùn sẹ́yìnkùlé wa ní Ìta-Àmọ́dù.
Mo ní, "Àjàṣẹ́ ni mo ti wá."
Irọ́ kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi.
Irọ́ ni.

Mo kọ ọ́. Gbogbo méjì lórí ìlà kan,
ikùn méjìlá; agolo ọ̀dà gbẹ kanlẹ̀.
Ó sanwó pé, ó tún kó búrẹ́dì gbígbóná mẹ́ta lé e:
"Fún àwọn ọmọ. Ìgbómìnà la jẹ́, a kì í ṣahun."
Inú rẹ̀ mọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.
Alájì náà, lọ́jọ́ tiẹ̀, fi ẹja mẹ́rin jìn mí.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó wọlé.
Kúdírátù ọmọ mi, tó ti ń wáṣẹ́ láti ọdún tó kọjá,
tú híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn kí ọbẹ̀ má ta sí i,
ó já búrẹ́dì, ó kì í bọ ọbẹ̀ ẹja Alájì.
"Bàbá, ó mà dùn o. Ibo ni wọ́n ti ṣe é?
Ṣé wọn ò wá òṣìṣẹ́?"

Mo wo ìka mi.
Kẹrosíìnì ò tíì mú ọ̀dà yẹn kúrò lábẹ́ èékánná.
"Jẹun," mo wí fún un.
"Jẹ gbogbo ẹ̀."