Kíkà

Oṣù kọkànlá, ní Ljubljana, kùrukùru bo odò mọ́lẹ̀;
àwa mẹ́rin la jókòó yí tábìlì ká ní àjà kẹta,
ife kọfí, bébà, fèrèsé tó ń làágùn.
Iṣẹ́ tèmi kò ju pé kí n tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà,
kí n sì ké iye tó bá jáde.
"Vlasta Hribernik," ni alága wí.
"Ẹni tó ń bá ẹran inú ihò gbé."

Mo tẹ̀ ẹ́.
Mọ́kànlá.
Ìyẹn ni pé ìwé mọ́kànlá ló kọ
tí ẹni mọ́kànlá, ó kéré tán, dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.
Ìkejìlá ń bẹ, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́sàn-án péré ló dárúkọ rẹ̀;
kò wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tó pẹ́ dé.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a du ipò,
tó ń wo kòkòrò àìfojúrí nínú ìfun eku,
mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni tirẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún.
Alága mi orí. Bébà yí padà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹran náà.
Inú òkúta ló ń gbé, nísàlẹ̀ Postojna,
níbi tí oòrùn kò yọ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀.
Ó gùn bí apá ọmọdé, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìpéǹpéjú,
ẹsẹ̀ mẹ́rin bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ rìn, kò lójú tó ń ríran.
Ẹja-ènìyàn làwọn ará ibẹ̀ ń pè é.
Ó lè lo ọdún mẹ́wàá láìfi nǹkan kan sẹ́nu;
ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tó ń wò ó lọ.
Ọdún mẹ́fà, ọdún méje, kó tó yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan.
Ta ni yóò fi irú èyí kọ ìwé mẹ́rin lọ́dọọdún?

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo ń kà á lọ.
Ìwé rẹ̀ tí wọ́n dárúkọ jù, igba ó lé mọ́kàndínlógún,
ni èyí tó ti ṣi ẹyin kà: ó ní ogójì, ọgọ́ta ló wà níbẹ̀.
Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ lọ́dún kejì, ní ojú ìwé kan ṣoṣo.
Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́
á ní kó má ṣe bíi ti Hribernik.
Ẹ̀rọ kò mọ ìbáwí yàtọ̀ sí ìyìn;
ó gbà á, ó fi kún un.
Àṣìṣe yẹn ló ń bọ́ ọ.

Èyí tí ẹni mẹ́sàn-án dárúkọ ńkọ́?
Ọdún méjìlélógún omi ihò ló wà nínú rẹ̀,
bó ṣe tutù sí, ní gbogbo ọjọ́ Ajé.
Lojze Premru, afinimọ̀nà ihò, ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó,
títí kan ọjọ́ Ajé tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀.
Orúkọ Premru wà nísàlẹ̀ pátápátá,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ta okùn.
Iye tirẹ̀: òdo.

Alága ní, "Ẹ ti kà á?"
Mo ní a ti kà á.
Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun.
Ọgbọ̀n ìwé ló wà lórí tábìlì yẹn; a ka gbogbo rẹ̀,
a ò ka ọ̀kan.

Ní alẹ́ mo mú ìkejìlá lọ sílé.
Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀ nù.
Ní ojú ìwé kẹrìndínlógún: *Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì,
omi gbóná díẹ̀. A kò mọ ìdí.
Ẹranko náà yí orí sí i.*

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló gba ipò. Kò ṣe burúkú.
Vlasta wá gba fáìlì rẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà ní bàtà rẹ̀.
Mo sọ fún un pé mo ti ka ìkejìlá.
Kò bi mí níye.
Ó ní, "Ṣé o dé ibi tó ti yí orí?"